Torkel Gbọ́ Orúkọ Ara Rẹ̀, Ó Panu Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìtàn dé ìdajì tí ẹ ó sì fò ó, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán. Ọ̀rọ̀ ìfura ni, àrùn tó máa ń ṣe àwọn tó rò pé àwọn gbọ́n.

1.

Ní Dalsland, ní ilẹ̀ Sweden, ọ̀nà kan wà tí mọ́tò kì í gbà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i. Ó ń bá etí adágún lọ, ó wọgbó, ó tún já sí ẹ̀gbẹ́ odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn omi fún un. Ọgbọ̀n ọdún ni Torkel àti Alvar fi jọ ń wa kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà yìí ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọn a gbé kọfí dání, wọn a jókòó létí ìlẹ̀kùn omi, wọn a máa bú ara wọn.

"Táyà rẹ ti rọ̀ bí ikùn rẹ."

"Ikùn yìí náà ló ń dúró dè ọ́ lórí gbogbo òkè, ìgbín!"

Àmọ́ Torkel ní ohun kan lábẹ́ aṣọ: ibi tí olú pupa rúsúrúsú bí ìyeyè ti ń hù. Ìyá rẹ̀ ló fi hàn án. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ènìyàn lè fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, kò ní fi ibi olú rẹ̀ hàn ọ́ láéláé. Ẹlòmíì ń gbé e wọ sàréè. Majken, ìyàwó Torkel láti ogójì ọdún, kò mọ ibẹ̀.

2.

Lóṣù kẹjọ, Torkel rí ipa táyà kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà, tó kọjú sí ibi olú. Táyà fífẹ̀, ó sì ní ojú ọgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà Alvar ni.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alvar bu kọfí, ó ní, "Torkel, ṣé olú ti ń yọ?"

Ìbéèrè tí gbogbo ayé ń bi ara wọn lásìkò yẹn ni! Bí ọ̀rọ̀ olè ni Torkel ṣe gbọ́ ọ.

"Èmi ò mọ̀. Mi ò tíì wá a."

"Irọ́! Ó ń ta sánsán lẹ́nu rẹ."

Alvar rẹ́rìn-ín. Torkel kò rín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ọ. Bí Alvar bá wà lẹ́yìn, kí ló ń wò lẹ́yìn? Bí ó bá wà níwájú, ibo ló ń sáré lọ? Bí ó bá dúró mumi, á ní ṣe ni ó ń ṣàmì sí igi. Ṣé ẹ rí ayé bí?

3.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Torkel gbé apẹ̀rẹ̀. Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, torí ó gbọ́ pé fóònù ń tú àṣírí ibi tí ènìyàn lọ.

Majken ní, "Níbo nìyẹn?"

"Apá gúúsù. Mo fẹ́ na ẹsẹ̀."

Àríwá ló kọrí sí. Nígbà tó débẹ̀, ó fi ẹ̀ka igi bo kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, ó já òmíràn, ó fi gbá ipa táyà ara rẹ̀ nù. Àgbàlagbà ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ń gbálẹ̀ igbó!

Olú wà níbẹ̀ yamùrá. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti kún tán nígbà tó gun òkúta kan tó ń yọ̀ bí ilá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ já sí àárín àpáta méjì, egungun ṣẹ́, ẹsẹ̀ náà há. Ó fà á títí, kò yọ.

4.

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, Majken figbe ta. Gbogbo àdúgbò tú síta, gúúsù ni wọ́n ń wá. Lọ́jọ́ kejì, Alvar gbé kẹ̀kẹ́ ó dorí kọ àríwá. Majken bi í pé kí ló dé.

"Mo mọ ọ̀rẹ́ mi. Ibi tó bá sọ kọ́ ló máa ń lọ."

Torkel gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó gbọ́ bíréèkì.

"Torkel! Torkel o! Tó o bá ń gbọ́ mi, dá mi lóhùn!"

Ibi tó ń pè é kò jìnnà rárá. Torkel lanu. Ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé: ta ló ní kó wá apá ibí? Ṣé o rí i? Ó mọ ibẹ̀! Bí ó bá wọgbó báyìí, olú ìyá rẹ ti lọ nìyẹn. Jẹ́ kó kọjá. Ẹlòmíì ń bọ̀.

Ó panu mọ́. Alvar pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ẹlòmíì kò wá. Òjò ló wá. Nígbà tí ajá àwọn tó ń wá a fi máa gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ohùn ti pa mọ́ ọn lọ́fun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

5.

Alvar wá kí i ní ọsibítù. Kò tíì jókòó dáadáa tí Torkel fi ní, "Kí lo wá ṣe ní apá àríwá?"

"Ìwọ ni mo ń wá."

"Lóṣù kẹjọ ńkọ́? Mo rí ipa táyà rẹ nínú igbó."

Alvar ní, "Mo yà tọ̀ ni, Torkel."

Alvar wá rọra bi í pé, "Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́."

Alvar dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Majken tó dúró lójú fèrèsé yíjú padà. "Tó bá jẹ́ èmi ni mo pè ọ́ ńkọ́?"

Torkel ń wo ilẹ̀. Majken lọ mú ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kìlọ̀ fún ara yín. Ohun tí ẹ ń pa mọ́ fún ọ̀rẹ́, fún aya, fún ọkọ, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tó ẹsẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ẹ gbà lọ. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì pè yín, ẹ jẹ́ ẹ, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé báwo ló ṣe mọ ibẹ̀! Ẹ má wá fi "ìfura loògùn àgbà" dá mi lóhùn. Mo mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà kan náà ló ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.