Kọ̀ǹpútà Ò Rí Ìyá Atẹ̀wé

Ìyá atẹ̀wé gbá ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á.

Ìdajì ojú kọ̀ǹpútà náà ti ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni oníbàárà ń bọ̀ wá gba ìwé ìpè ìgbéyàwó.

"Ọmọ mi, wáráńtì rẹ̀ ò tíì parí. Bá mi pààrọ̀ rẹ̀."

Akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó dorí kọ ọ̀tún, ó dorí kọ òsì, ó fọwọ́ gbá a pẹ́ẹ́.

"Mà, orúkọ yín ò sí níbí."

"Orúkọ tèmi kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo kọ ọ́!"

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti wí labẹ gé."

"Abẹ wo? Yẹra fún mi jàre!"

Ìyá bọ́ sẹ́yìn tábìlì, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ó bẹjú wò ó.

Ojú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù dúdú kirikiri láti àárín dé ìsàlẹ̀. Orúkọ tó bá bọ́ síbẹ̀, ó gbé nìyẹn.

"Ẹ ò wá dá èyí padà fáwọn tó ṣe é?"

Akọ̀wé mí kanlẹ̀.

"A ti gbé e lọ, mà. Wọ́n gbá kọ̀ǹpútà tiwọn náà pẹ́ẹ́ títí, wọn ò rí orúkọ wa."