Sójà Ń Bọ̀ Lọ́jọ́ Ẹtì

Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwa tó ṣojú wa nìyí: èmi tí mo jẹ́ ìyá Sójà, Aránṣọ ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ nígbà náà, Tíṣà ọmọbìnrin mi àbíkẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, Káfíńtà tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa níyà, àti Sójà fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé òun wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

1.

Oṣù méje ni ọmọ mi ti wà lójú ogun. Aránṣọ kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà tó lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, fóònù dún.

"Màmá, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa wọlé."

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ sọ tí Aránṣọ fi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé o ò tàn mí?"

"Èmi kẹ̀? Ara rẹ ńkọ́?"

"Ara mi dá ṣáṣá."

Ara rẹ̀ kò dá ṣáṣá. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó sì kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ pé kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ní bí orí bá ń fọ́ ọ, tàbí tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, kó má dúró de ọjọ́ kankan.

2.

Ẹ ò rí i bí ilé wa ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Aránṣọ tú gbogbo kọ́tìnnì sílẹ̀, ó ní ọkọ òun kò ní wá bá èyí tó ti ṣá. Ó ń rán tuntun. Ó tún ń rán aṣọ aláwọ̀ ewé tó máa fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Káfíńtà gbé ibùsùn ọmọ wọlé, ó ní, "Bí Sójà bá sùn sínú rẹ̀ tó sì kán, mi ò ní tún un ṣe o."

Tíṣà wo ẹsẹ̀ Aránṣọ. "Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ yín ti wú bí ìrọ̀rí."

"Àǹtí mi, òun náà ni ẹ̀gbọ́n yín máa gbé orí lé."

A rẹ́rìn-ín títí. Ayọ̀ ti gbà wá lọ́kàn.

Lọ́jọ́rú, ó fẹ́ fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Aránṣọ yìí máa ń ṣe é láìwò ó, bó ṣe ń bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Lọ́jọ́ náà, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọlé.

"Abẹ́rẹ́ yìí di méjì lójú mi."

"Bóyá ìbejì ló ń bọ̀," ni Tíṣà wí, a tún bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí àwa àgbà tó ń rẹ́rìn-ín yẹn?

3.

Ọjọ́bọ̀ dé. Aránṣọ fi gèlè di orí gbagidi nítorí ẹ̀fọ́rí, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"O ò ní lọ rí nọ́ọ̀sì?" ni mo bi í.

"Màmá, ó di ọjọ́ Ajé. Sójà ló máa mú mi lọ. Bí mo bá lọ lónìí, tí wọ́n bá ní kí n sùn síbẹ̀ ńkọ́? Kí ọkọ mi wá bá àga òfìfo?"

Mo mọ káàdì yẹn kà dáadáa. Mo kàwé, mo gba ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ mi létí. Mo ní, "Ó dáa náà. Kí ni ọjọ́ mẹ́rin?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyẹn.

4.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ dúró níwájú ilé. Tíṣà sáré jáde. Aránṣọ dìde nínú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹsẹ̀ méjì. Ojú rẹ̀ yí padà. Gìrì mú un, ó di kọ́tìnnì mú, ó sì ṣubú tòun ti kọ́tìnnì.

Sójà wọlé, àpò ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Kí ló ṣe é? Màmá, kí ló ṣe é?"

Òun àti Káfíńtà ló gbé e sínú ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ jáde, obìnrin, kékeré báyìí. Ó ké. Ìyá rẹ̀ kò jí. Dókítà wò mí, ó ní, "Ká ní ẹ mú un wá lánàá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru là bá kọ́kọ́ fún un."

5.

Orí bẹ́ǹṣì ni Sójà lo ọjọ́ márààrún. Bí wọ́n bá gbà á láyè, á wọlé lọ bá Aránṣọ sọ̀rọ̀ létí, á jáde. Ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọjọ́ kún un, wọn ò gbà. Ó lọ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, Aránṣọ lajú.

"Màmá, ó ti dé?"

"Ó ti dé."

"Ó dà?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó ti padà, ọmọ mi. Ó di oṣù méje mìíràn."

Ó wo aṣọ ilé ìwòsàn tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Kí ni mo wọ̀ nígbà tó ń wò mí?"

Mo fa aṣọ ìbora bò ó.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín wà lọ́nà jíjìn, ẹ má fi ìdùnnú bo ara tó ń pariwo mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Awẹ́lẹ́wà, ọmọ ọmọ mi, ìwọ tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà, tí ìwọ náà ti lóyún báyìí, mo rí ohun tí o kọ sí mi láàárọ̀ yìí, pé orí ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ń bọ̀ lọ́la. Má kọ èsì sí mi. Wọ bàtà rẹ, kí o máa lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.