Síìmù Tó Wọ Gọ́tà

Ìlara ni àrùn Adéfúnmiláyọ̀. Ẹ má bá mi wá ọ̀rọ̀ tó dẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọmọ náà gbọ́n, ó mọ ilé tọ́jú, ó sì ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ń dára fún ẹlòmíràn, ojú rẹ̀ á korò bí ẹni tó gbé ewúro mì. Mo ti rìn jìnnà láyé, mo ti bá olè jẹun nínú abọ́ kan náà. Olè a máa yó. Onílara kì í yó.

Ilé kan ní Mafoluku, ní Òṣòdì, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Bàbá Fúnmi, tíṣà ará Èkìtì, ló gba yàrá méjì iwájú. Ìyá Mardiyah, ará Ìṣẹ́yìn tó ń ta abọ́ rọ́bà ní Bọ́ládé, ló wà lẹ́yìn. Fúnmi wà ní SS3, ó sì ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Òun ni gbogbo ilé ń pè ní Dókítà. Mardiyah ṣì wà ní SS2. Fúnmi ló kọ́ ọ ní ìṣirò, òun náà ló sì máa ń bá Fúnmi pọnmi.

Lọ́dún tuntun, Mardiyah ní òun ò ní dúró de SS3. Ó ti ṣe GCE, ó yege, ó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó fẹ́ ṣe JAMB kó lè tètè wọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n kò ní fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fi nọ́ńbà ìyá wọn forúkọ sílẹ̀ rí, nọ́ńbà kan kì í gba èèyàn méjì.

"Àǹtí Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà yín ṣe é."

"Ìwọ? JAMB? Ìwọ tí o ò tíì nu imú tán!" Fúnmi rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù fún un. Ó rò pé eré ọmọdé ni.

Kì í ṣe eré. Bàbá Fúnmi fúnra rẹ̀ dán Mardiyah wò lójú gbogbo ilé, kò sí ìbéèrè tó já a láyà. Bàbá pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Fúnmi, ṣé o rí àbúrò rẹ?" Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n gba orúkọ Dókítà lórí Fúnmi, wọ́n gbé e fún Mardiyah.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n Fúnmi rò pé afẹ́fẹ́ òun ni ọmọ kékeré ń mí. Ojoojúmọ́ ni Mardiyah ń bi í, "Àǹtí, ṣé wọ́n ti fi ọjọ́ ìdánwò ránṣẹ́?" Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Fúnmi ṣe ń ti iléèwé bọ̀, ó dúró létí gọ́tà ní Bọ́ládé, ó yọ síìmù, ó sọ ọ́ sínú omi dúdú. Ó délé, ó bú sẹ́kún.

"Wọ́n ti jí síìmù mi o!"

"Síìmù?" Ìyá Mardiyah gbé ojú sókè. "Fóònù ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, mà."

"Haà, olè Òṣòdì ti di ọmọlúàbí! Ó yọ síìmù, ó dá fóònù padà. Ṣé ó tún sọ fún ọ pé ó dàbọ̀?"

Ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Bàbá Fúnmi ní kó lọ gba nọ́ńbà náà padà lọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni síìmù. Fúnmi mọ̀ pé bí nọ́ńbà bá padà dé, iṣẹ́ tí JAMB rán sí Mardiyah yóò wọlé. Lọ́jọ́ Ajé, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní èrò pọ̀. Ó ń fọ̀la dọ́la títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi kọjá.

Mardiyah sunkún lọ sọ́dọ̀ Sirajudeen, oníkọ̀ǹpútà tó bá a forúkọ sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé inú fóònù nìkan ni ọjọ́ ìdánwò ń gbé?" ni Sirajudeen wí. "Nu ojú ẹ, jókòó." Ó tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ó tẹ ìwé jáde. Ìdánwò ku ọjọ́ méjì, ní Ìsọlọ̀. Mardiyah lọ, ó ṣe é, ó yege.

Bí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn. Nígbà tí bàbá Fúnmi kò gbọ́ nǹkan kan láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ó lọ bá wọn. Akọ̀wé wọn sọ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ lẹ́nu wò, àyè sì ti kún. Ó ní àwọn ránṣẹ́ sí Fúnmi lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ nọ́ńbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí sórí ìwé fún bàbá.

Bàbá dúró láàárín ilé, ó ń ka nọ́ńbà náà sókè. Kó tó dé ìdajì, Mardiyah ti parí rẹ̀ láti orí. "Nọ́ńbà Àǹtí Fúnmi ni, sà. Èyí tí wọ́n jí."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Fúnmi, ọ́fíìsì síìmù wo lo lọ?"

Fúnmi kúnlẹ̀. "Mi ò lọ, sà. Inú gọ́tà ni mo sọ ọ́ sí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí Mardiyah ń lọ sí yunifásítì, ó kúnlẹ̀ kí Fúnmi, "Àǹtí, ó dàbọ̀." Nọ́ńbà Fúnmi ti padà sínú fóònù nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́nìkan nínú ilé yẹn tó tún jẹ́ fi í ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ẹni tó tètè jí kò gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó jí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀. Bí àbúrò rẹ bá ṣáájú rẹ, bá a yọ̀, kí o sì múra sí tìrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dí etí ọmọlàkejì rẹ̀ kó má baà gbọ́ ìròyìn ayọ̀, kó rántí pé ìròyìn tirẹ̀ náà lè máa bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà.