Wọ́n Ti Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá pa á tì. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, tí ẹ sì ní ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́.

1.

Lùkúmọ̀n ń ta bàtà ọmọdé ní Apọ́ngbọ̀n. Agboolé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé pẹ̀lú Àsíátù, ìyàwó rẹ̀, àti Mariyah, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Èlùbọ́ àti ẹ̀wà ni Àsíátù ń tà ní Ẹ̀bùté Èrò. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, gbogbo agboolé ló mọ̀.

Nígbà tí Lùkúmọ̀n ra ọkọ̀, tèwe tàgbà ló jáde wá wò ó. Kì í ṣe tòkúnbọ̀ o. Tuntun gidi ni, ọ̀rá ṣì wà lára ìjókòó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó tà á fún un tún fún un ní wáráńtì: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àlàó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ bàbá kan náà, ẹni tó máa ń sọ pé Lùkúmọ̀n ò lè da nǹkan kan, dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Lùkúmọ̀n rí i. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

2.

Ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tí Àsíátù ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tó rí omi kan tó ń yọ̀ bí òróró nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú. Ó pe ọkọ rẹ̀ wá wò ó. Lùkúmọ̀n pe ilé iṣẹ́ náà lórí fóònù. Wọ́n ní ọ́ìlì búréèkì ló ń jò, kó má wa ọkọ̀ náà rárá, kó má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì ìta fọwọ́ kàn án. Àwọn yóò fi ọkọ̀ ńlá wá gbé e, àwọn yóò tún un ṣe, kọ́bọ̀ kò ní jáde lápò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ Lùkúmọ̀n ro bí ọkọ̀ ńlá yóò ṣe wọ àdúgbò, tí yóò gbé ọkọ̀ tuntun rẹ̀ lọ bí ẹni gbé òkú, tí Àlàó yóò sì máa wò ó. Yìgì àbúrò rẹ̀, Ubaydullah, tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Sùúrùlérè, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé ọkọ̀ òun ni yóò gbé ìyàwó. Ó ní kí ilé iṣẹ́ náà ṣì ní sùúrù, òun máa pè wọ́n. Ó lọ ra ọ́ìlì búréèkì, ó ń dà á sí i láràárọ̀, ó sì ń bu yanrìn bo ibi tó ń jò sí.

3.

Àsíátù kò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sọ́jà. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí, ó ní ẹ̀mí ò ní ìpààrọ̀. Lùkúmọ̀n bínú, ó ní ó fẹ́ dójú ti òun láàárín ẹbí ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìgì, wọ́n ti mú Mariyah lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, Àsíátù sì ti múra láti lọ wọ bọ́ọ̀sì. Lùkúmọ̀n wá rò ó pé kí làwọn èèyàn máa wí bí wọ́n bá rí i tí ìyàwó òun ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni irọ́ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá Mariyah, mo ti gbé e lọ lánàá. Wọ́n ti tún un ṣe."

Àsíátù wo ojú rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ṣé màá parọ́ fún ẹ ni?"

Obìnrin yìí kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu, Bàbá Mariyah. Ẹ̀rù ló ń bà mí." Ó wá ṣàdúà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Lùkúmọ̀n ṣe àmín.

4.

Yìgì lárinrin. Wọ́n yin ọkọ̀ náà, wọ́n yin ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lùkúmọ̀n àti Àsíátù ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Èkó sí Apọ́ngbọ̀n, Lùkúmọ̀n tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ, ọkọ̀ kò dúró. Ó tún un tẹ̀. Tírélà kan wà níwájú.

Àsíátù yíjú sí i. Kò pariwo. Bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ló ṣe sọ ọ́: "Ṣebí ẹ ní wọ́n ti tún un ṣe?"

Lùkúmọ̀n yí sítíárì, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ló gbá tírélà náà. Wọ́n gbé Àsíátù dé ọsibítù. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

5.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Àlàó, ẹni tí Lùkúmọ̀n ń sá fún ojú rẹ̀, òun ló dì í mú létí sàréè kó má baà ṣubú. Òun náà ń sunkún.

Àwọn tó wá kí i ń sọ fún un pé kádàrá ni. Kò tíì sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà náà ni ìyá Àsíátù, Alhaja Rùkáyátù, tó ti Ìjẹ̀bú wá, ní kí àwọn yòókù bọ́ síta.

"Lùkúmọ̀n, ọmọ mi sọ fún mi pé ọkọ̀ yín ń jò, pé òun ò ní wọ̀ ọ́. Kí ló mú kó wọ̀ ọ́?"

Ó lè ní ó yí ọkàn padà ni. Òkú ò ní já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ó dojú bolẹ̀ níwájú ìyá náà.

"Èmi ni, Màámi. Mo sọ fún un pé wọ́n ti tún un ṣe."

Ìyá náà kò ṣépè, kò sì pariwo. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ Mariyah sínú báàgì. Ìjẹ̀bú lọmọ náà wà títí dòní.

Ilé iṣẹ́ náà yẹ ọkọ̀ tó bàjẹ́ náà wò. Rọ́bà kékeré kan níbi búréèkì ló ya. Wọ́n ní iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni ì bá jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, bí ọkọ̀ yín bá ń jò, ẹ páàkì ẹ̀. Bó bá ní wáráńtì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni iṣẹ́ wá gbé e, kódà bí gbogbo àdúgbò bá ń wò yín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ẹ má sì fi irọ́ mú ẹni tó fọkàn tán yín wọ inú ewu. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni.