Kò Tíì Ṣetán Láti Wálé

Ìyá Oníbọ́tìnnì ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú kan. Ó ti ìsọ̀ pa ní ọ̀sán gangan, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú bí ẹni ń mú ọmọ kékeré lọ iléèwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ti tó ẹni tí ń bímọ.

"Àyà rẹ̀ ló máa ń já," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Kò sùn, kò jẹun. Bí mo bá ní kó ka bọ́tìnnì fún oníbàárà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Tí sálúbàtà mi bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà báyìí, gbogbo bọ́tìnnì á dà sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyí o. Ẹ bá mi tún un ṣe kí n mú un padà sílé. Mi ò ní ẹlòmíràn."

Oògùn wọn ò pọ̀ níbẹ̀. Ọgbà ńlá kan ló wà lẹ́yìn ilé, igi, ebè tòmátì, ẹyẹ lóríṣiríṣi. Aláìsàn á bọ́ bàtà, á ki ọwọ́ bọ ilẹ̀, á máa mí jẹ́jẹ́.

"Ilẹ̀ kẹ̀?" ni Ìyá Oníbọ́tìnnì wí. "Ilẹ̀ tí mo ti ń gbá láti kékeré! Tó bá ń wo ènìyàn sàn, èmi ì bá ti di áńgẹ́lì."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá jókòó tì í nínú ọgbà. Ọmọ náà kúnlẹ̀ nídìí ebè, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ inú ilẹ̀ tútù. Ẹyẹ kan ń ké lókè. Èjìká rẹ̀ tó ti fà mọ́ etí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀.

"Wí i tẹ̀ lé mi," ni nọ́ọ̀sì sọ. "Bí mo ṣe rí yìí, mo tó."

"Bí mo ṣe rí yìí," ọmọ náà wí, "mo..."

"O tó kẹ̀?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ! Na ẹ̀yìn ẹ, jàre. Nọ́ọ̀sì, ẹ má wò mí o, ẹnu ni mo fi tọ́ ọ, ẹnu náà ló mọ̀."

Ọwọ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ò wo ọwọ́ náà. Ìyá ló ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí ìyá máa dúró lẹ́nu géètì, kí ọmọ lè rójú. Ó pòṣé, ṣùgbọ́n ó gbà. "Bí ìwòsàn bá gba ẹnu géètì, màá dúró lẹ́nu géètì."

Bó ṣe di pé bó bá ti pa ìsọ̀ dé, á gbé abọ́ oúnjẹ lọ bá Baba Onígéètì nìyẹn.

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, Màmá."

"Ṣé mo lè wá mú un lọ́la?"

"Kò tíì ṣetán láti wálé. Ó ní kí n máa kí yín."

Á gba abọ́ àná, abọ́ á mọ́ tónítóní. "Ó ń jẹun dáadáa nìyẹn. Baba, ẹ̀yin náà ń sanra o."

"Afẹ́fẹ́ ọgbà ni, Màmá."

Òjò dá, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ojú Ìyá Oníbọ́tìnnì ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín irin géètì, ó máa ń rí obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́ọ̀ọ́kán, nínú aṣọ búlúù àwọn aláìsàn, tó ń bomi rin ebè. "Òun nìyẹn!" Á pè é, á juwọ́ sí i. Obìnrin náà ò ní wẹ̀yìn.

"Ó ṣì ń bínú sí mi," á wí. "Inú rẹ̀ le bíi ti bàbá rẹ̀."

Baba Onígéètì á gbé ìgbálẹ̀, á máa gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Oníbọ́tìnnì jókòó sórí òkúta lẹ́bàá géètì títí àwọn ẹyẹ fi wọ̀ sórí igi. Kò mọ ìgbà tó bọ́ bàtà, tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ iyanrìn.

"Baba, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti kun yàrá rẹ̀. Mo ti ra bàtà tí kì í dún. Ẹ ní mi ò bú ẹnikẹ́ni látàárọ̀."

"Látàárọ̀?"

"Ó dáa, láti ọ̀sán."

Baba rẹ́rìn-ín, ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ tún sọ fún un..." Ìyá Oníbọ́tìnnì wọ bàtà rẹ̀ padà. "Ẹ ní bó ṣe rí yẹn, ó tó."

"Màá sọ fún un, Màmá, tí mo bá rí i."

Ìyá dìde, ó juwọ́ sínú ọgbà bó ti máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, aláṣọ búlúù gbé ọwọ́ sókè, ó juwọ́ padà. Ìyá Oníbọ́tìnnì pariwo ayọ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Baba Onígéètì dúró títí màmá fi yà sí kọ̀rọ̀, ó ti géètì, ó sì lọ dúpẹ́ ọwọ́ jíjù náà lọ́wọ́ aláṣọ búlúù, aláìsàn tuntun tí kò mọ màmá náà rí, nítorí ọmọ tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún ti gbádùn kí òjò tó dá, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ máa gbé ní ìlú mìíràn, ohun kan ṣoṣo tó sì bẹ̀ wọ́n kó tó lọ ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìyá òun mọ̀ láé pé ara òun ti yá.