Kókò Rereao

"Fà á bí ìgbà tí o bá ń fa ìdí ńlá mi dìde lórí ẹní!" ni ìyá àgbà pariwo.

Rereao àti ìyá àgbà rẹ̀ jọ fà á. Kókò tí Rereao gbìn sínú kòtò fún iṣẹ́ ọdún kíláàsì kẹrin tu lójijì, ìyá àgbà sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹrẹ̀ fi ta sí i lẹ́nu. Iyọ̀ ló tọ́ wò. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Omi òkun ti gba abẹ́ ilẹ̀ Abaiang, erékùṣù wọn, wọlé. Kókò ti jẹrà.

"Tíṣà, ṣé mo ti fìdí rẹmi nìyẹn?" Rereao bi obìnrin tó dúró létí kòtò.

"Rárá, ọmọ mi. Ìwọ lo gba ipò kìíní. Nínú kókò gbogbo kíláàsì, tìẹ ló kú kẹ́yìn."