Bàbá Tó Ní Kí Ọmọ Rẹ̀ Pa Orí Fífọ́ Mọ́ra

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ṣe eré ìdárayá, ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹ má kà á dé àárín kí ẹ wá ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ sí yín. Ohun tí Verlin Koroluk náà máa ń sọ nìyẹn.

1.
Ní ìlú kékeré tí à ń gbé ní Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà, bí òtútù bá ti dé, àwa òbí kì í sùn dé ojúmọmọ. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí a ó ti máa ha yìnyín kúrò lójú dígí ọkọ̀, tí a ó kó ọmọ àti ọ̀pá họ́kì sínú rẹ̀, ó di gbọ̀ngàn yìnyín tí wọ́n ti ń gbá họ́kì. Kì í ṣe ìdíje là ń lọ fún. Ẹ̀kọ́ ni: bí wọ́n ṣe ń yí lórí yìnyín, bí wọ́n ṣe ń dúró lójijì. Rhonda Penner ló ń kọ́ wọn. Obìnrin náà kì í pariwo, àmọ́ òfin kan wà tí kì í fi ṣeré: ọmọ tí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan kò gbọdọ̀ tẹ yìnyín títí dókítà yóò fi ní ó yá.

Verlin, tó ń ta katakata fún àwọn àgbẹ̀, ló máa ń jókòó síwájú gbogbo wa pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun náà gbá họ́kì rí, àmọ́ ẹgbẹ́ tó gbà á kò lè fara dà á ju ìgbà òtútù kan lọ. Bó bá ń ròyìn ara rẹ̀ báyìí, ẹ ó rò pé òun ló kọ́ omi bí wọ́n ṣe ń di yìnyín.

"Ẹ wo àwọn ọmọ yín," á sọ fún wa, "bí ewúrẹ́ tó tẹ ọṣẹ. Ẹ mú wọn lọ kọ́ dùùrù."

Brecken ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, mọ eré náà ní tòótọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ṣe dáadáa, ojú bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò, bí ẹni ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀.

2.
Ìròyìn wá dé pé ilé-ẹ̀kọ́ họ́kì kan nílùú ńlá máa rán ọkùnrin kan wá wo àwọn ọmọ níbi ẹ̀kọ́ òwúrọ̀, kó lè yan èyí tí wọ́n máa gbà. Verlin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n ti fi jẹ oyè.

Ó da omi sẹ́yìnkùlé rẹ̀ kó lè di yìnyín, ó sì ń kọ́ ọmọ náà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ di akin. Ó sáré kọ lù ú. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ó tóbi tó ìlọ́po méjì ọmọ náà. Brecken fẹ̀yìn lélẹ̀, orí rẹ̀ gbá yìnyín. Akoto kò sí lórí rẹ̀, nítorí Verlin ti ní ilé làwọn wà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Janelle, ìyá rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó.

"Kí ló ṣe é?"

"Sọ́séèjì ló jẹ jù," ni Verlin wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò máa dé, nínú ọkọ̀, Brecken fọwọ́ bojú.

"Dádì, orí ń fọ́ mi. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn ń gún mi lójú."

"Orí ta ni kì í fọ́? Bí o bá sọ fún Rhonda, ó máa lé ẹ kúrò lórí yìnyín. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Rárá, Dádì."

"Pa á mọ́ra nígbà náà."

Gbogbo èyí, ẹnu ọmọ náà la ti gbọ́ ọ nígbà tó yá.

3.
Rhonda wo ojú Brecken nígbà tí ọmọ náà ń so bàtà yìnyín. "Brecken, ara ẹ le?"

Kí ọmọ tó dáhùn, Verlin ti gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ara ẹ̀ le. Rhonda, ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Brecken ní, "Ara mi le, Kóòṣì."

Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ọkùnrin tó wá láti ìlú ńlá. Níbi tó ti ń yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ra, ó sì ṣubú láìna ọwọ́ síwájú, bí àpò ìyẹ̀fun. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kò dìde.

Verlin ń fọwọ́ lu dígí tó yí yìnyín ká. "Dìde, Brecken. Ọkùnrin yẹn ń wò ẹ́."

Ọkùnrin náà kò wo ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti sáré bọ́ sórí yìnyín pẹ̀lú bàtà lásán, ó ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Rhonda, ó ń bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ láti fi bo ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá tó bí i ṣì ń lu dígí.

4.
Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè bóyá orí ọmọ náà ti gbá nǹkan láìpẹ́ yìí.

"Rárá," ni Verlin wí.

Ẹ tún un kà. Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ ibi tó wà, ó ṣì ń purọ́.

Janelle yíjú sí i. "Verlin, ó bì lọ́jọ́ Àìkú. O ní sọ́séèjì ni."

Verlin ń wo ilẹ̀.

"Mi ò bi ilẹ̀. Ìwọ ni mò ń bi."

Ìgbà yẹn ló tó sọ bó ṣe kọ lu ọmọ náà, ó sì tún fi kún un pé, "Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ṣe é."

"Irọ́ ni," ni Janelle dáhùn. "Nítorí ara ẹ ni."

Ọpọlọ tó ti fara pa tẹ́lẹ̀ ló tún fara gbọgbẹ́, ni dókítà wí. Brecken kò kú. Àmọ́ inú yàrá tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń gún un lójú, ló ti lo ìyókù ìgbà òtútù yẹn. Títí di òní, bó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró wá ọ̀rọ̀ tó sọ nù. Kò lè kàwé pẹ́. Òun àti ìyá rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, kì í sì í dáhùn bí bàbá rẹ̀ bá pè é.

Verlin ṣì máa ń wá sí gbọ̀ngàn láàárọ̀. Àga tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ máa ń ṣófo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa jókòó tì í, ó fẹ̀rín sí i, ó nawọ́ sí àwọn ọmọ tó wà lórí yìnyín.

"Èwo ni tìẹ nínú wọn?"

Verlin gbé kọfí rẹ̀, ó dìde, ó sì jáde sínú òtútù.

Òbí, ọmọ rẹ kì í ṣe ohun tí wàá fi gba ògo tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bó bá ní ibì kan ń dun òun, gbà á gbọ́. Dá eré dúró. Sọ òótọ́ fún olùkọ́ rẹ̀ àti dókítà, kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.